Ìtọ́jú Ọ̀já Ìkookò Nínú Ilé

Ní Festac Town ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, tí ìjọba kọ́ de àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, ẹni tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní àgbàlá. Inú ìkòkò ni ó ń gbin nǹkan sí. Ọ̀já ìkookò, ọmọ igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń fi omi pamọ́. Ọ̀dá kì í tètè pa á.

Ìkẹ́ àkẹ́jù ni ó ń pa á. Bí omi ojoojúmọ́ bá mu gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, ewé a rọ. Olùtọ́jú a rò pé òùngbẹ ni, a tún bu omi sí i.

Kí ìdí ìkòkò ní ihò. Kí olùtọ́jú ti ìka bọ erùpẹ̀; bí kò bá tíì gbẹ, kí ó dáwọ́ omi dúró.