Ìbọn kò lè dé Banigbé, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ lè dé
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Banigbé, ní Ifangni



Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Kò yẹ kí ẹni tó mọ̀wé kà jẹ́ ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ lásán dẹ́rù bà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí àwọn agbésùnmọ̀mí, àti lórí ohun tí àwa fúnra wa ń fi ẹnu wa ṣe nígbà tí wọ́n bá pààyàn.

Kí ni agbésùnmọ̀mí? Olè ń jalè nítorí owó. Agbésùnmọ̀mí ń pa èèyàn díẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba èèyàn púpọ̀. Láti igbó Alibori, lókè ilẹ̀ wa, dé Banigbé, ọ̀nà náà ju 500 kìlómítà lọ. Ìbọn tó dún níbẹ̀ kò lè bà wá níbí. Ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ lè dé ọjà wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ló ń gbé e wá? Àwa ni.

Ṣé kí a dákẹ́ ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ tó tètè dé, ohun ìjà ni. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sí Kútọnu. Nǹkan bí 100 ọmọ-ogun tí wọ́n fi owó gbà síṣẹ́ ló jáde nínú rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lu ilé Ààrẹ. Wọ́n fẹ́ gba ìlú kí ará ìlú tó jí. Ààrẹ Mathieu Kérékou bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ náà gan-an. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn dìde. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àwọn tó wá náà sá padà sínú ọkọ̀ wọn. Àwọn èèyàn wa kú ní ọjọ́ náà, a kò sì gbàgbé wọn.

Ẹ wo ohun tó tú àṣírí wọn. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ, wọ́n gbàgbé ìwé wọn sílẹ̀. Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè rán àwọn aṣojú wá. Wọ́n ka àwọn ìwé náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ètò ogun náà, tí wọ́n sì rí orúkọ Gilbert Bourgeaud. Orúkọ ìbòjú ni. Bob Denard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ló tú wọn fó. Ẹ kò rí i pé ìmọ̀ ìwé dára?

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ti ẹnu àìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ JNIM kọlu àwọn ọmọ-ogun wa ní Alibori, lẹ́bàá ààlà Niger àti Burkina Faso. Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ọmọ-ogun 8 ló kú. Àwọn apààyàn ní 70 ni àwọn pa. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìjọba tó sọ pé 54 ni.

Iye mẹ́ta nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ohùn ta ni etí ìlú gbọ́ jù? Bí ẹni tó mọ òtítọ́ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, apààyàn á gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Nítorí náà, ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n tètè sọ òtítọ́ fún wa, bó tilẹ̀ korò. Ó sì tọ́ kí àwa náà ní sùúrù, kí a má ṣe fi irọ́ dí àyè tó ṣófo.

Àwọn apààyàn yìí ń ya àwòrán òkú, wọ́n sì ń rán an kiri orí tẹlifóònù. Ọjà wọn nìyẹn. Àwa ni wọ́n fẹ́ kí a bá wọn tà á. Ọmọ-ogun tó kú ní ìyá. Ṣé orí tẹlifóònù ẹni kan nínú ọjà ló yẹ kí ìyá ti kọ́kọ́ rí òkú ọmọ rẹ̀?

Nǹkan kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Ìbẹ̀rù lè sọ àwa fúnra wa di apààyàn. Ní Yirgou, ní Burkina Faso, àwọn tó gbé ìbọn wá pa olórí abúlé àti àwọn mìíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019. Àwọn tó fẹ́ gbẹ̀san kò rí wọn mú. Ni wọ́n bá kọjú sí àwọn Fúlàní tó wà nítòsí wọn. Ìjọba ka òkú 49. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní ó ju 200 lọ. Àwọn agbésùnmọ̀mí ni inú wọn dùn sí èyí, nítorí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá lé, ọ̀dọ̀ wọn ni ó lè sá lọ.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lẹ́bàá oko wa kì í ṣe JNIM nítorí pé ó jẹ́ Fúlàní. Bí màlúù bá jẹ àgbàdo, ẹjọ́ màlúù ni kí a rò, kí a má ṣe rò ó mọ́ ẹjọ́ Alibori.

Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ìròyìn ń wọlé láti ìhà méjèèjì. Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹ kọ èyí sínú ìwé yín:

1. Bí ìròyìn bá dé, ẹ béèrè: Ta ló sọ ọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ló fi rí i? Níbo? Ní ọjọ́ wo? Àwòrán àtijọ́ máa ń padà wá bí ẹni pé ti òní ni.

2. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ dúró gbọ́ rédíò, kì í sì í ṣe rédíò kan ṣoṣo.

3. Ẹ má ṣe fi àwòrán òkú ránṣẹ́.

4. Bí ẹ bá fi ojú yín rí ohun tó fura, ẹ sọ ọ́ fún olórí abúlé tàbí fún ọlọ́pàá. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ẹ̀yà ẹni tí ẹ rí. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé tí ẹ mọ̀ kà kì í ṣe fún lẹ́tà àti owó ọjà nìkan. Ó wà kí ẹ lè di ẹni tí irọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò sì lè kọjá. Bí ilé kọ̀ọ̀kan ní Banigbé bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan, apààyàn á yìnbọn rẹ̀ nínú igbó, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò sì ní rí ẹni gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ ilé: ẹ ka ìbéèrè mẹ́rin tó wà ní nọ́ńbà 1 sókè fún ẹnì kan nílé tí kò tíì mọ̀wé kà. Kí òun náà mọ̀ wọ́n sórí.