Ọmọ Íjíbítì Tó Ká Átọ̀mù Mọ́ Ibi Ìpínyà

(Ìlù dùndún, kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀)

Lọ́dún 1969, ọmọ Íjíbítì kan, Ahmed Zewail, gúnlẹ̀ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì. Àṣà ibẹ̀ ṣàjèjì sí i, èdè wọn ò sì tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé ìyá rẹ̀ ná. Nígbà tó wà ní kékeré, sítóòfù tí ìyá rẹ̀ fi ń se kọfí ló gbé wọ yàrá! Ó to ọ̀pá gíláàsì mọ́ ọn, ó ń sun igi níbẹ̀, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí igi ṣe ń di gáàsì àti omi. Ìyá wo ni kò ní figbe ta? Síbẹ̀, àwọn ará ilé ti kọ “Dókítà Ahmed” sára ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní 1976 ló wọ yunifásítì Caltech ní California, ó sì kó ẹgbẹ́ ìwádìí jọ. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan mọ lésà, ẹnì kan mọ kẹ́míkà, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni ti ẹlòmíì. Bí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á ní kó bọ́ aago àti òrùka ọwọ́ rẹ̀, kó wọ awò. Lésà tó bá ta sára ohun tó ń dán lè ta padà, kó fọ́ èèyàn lójú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan síkúrù kéékèèké tí wọ́n fi ń tún dígí ṣe, iṣẹ́ sùúrù gbáà ni.

Ìmọ́lẹ̀ lésà méjì ni wọ́n ń yìn sára mólékù: èkíní á bẹ̀rẹ̀ ìyípadà, èkejì á wá wo ibi tó dé. Bí dígí bá sún sẹ́yìn bín-ín-tín, ọ̀nà èkejì á gùn sí i, á sì pẹ́ dé.

Ní 1987, wọ́n wo mólékù kan tó ń já sí méjì láàárín nǹkan bí 200 femtosecond. Femtosecond kan sí ìṣẹ́jú àáyá kan dà bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọdún mílíọ̀nù 32! Zewail nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ní 1999 fún irú iṣẹ́ yìí.

Lọ́dún 2023, Anne L'Huillier àtàwọn méjì míì tún gba ti físíìsì lórí ìmọ́lẹ̀ tó kúrú ju ti Zewail lọ. Ìtàn ìyẹn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ aago ti nawọ́ sí mi lẹ́yìn gíláàsì. Ìròyìn ló kàn. Ó dàbọ̀ o.