Ìbà: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ Láàárín Wa

Ìbà gan-an ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwé kẹfà ni a kà dé kí a tó bọ́ sídìí òwò, nítorí náà bí a bá ṣì í sọ, kí ẹ bá wa tún un ṣe.

Ibà ni àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ìbà ni ọ̀wọ̀ tí à ń fún ẹni tó ṣáájú wa kí a tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Eégún kì í jó kó má júbà. Ọdẹ kì í sun ìjálá kó má júbà. Àwọn tó ń gbọ́ á sì dáhùn pé kí ìbà ṣẹ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé rẹ̀: títí dòní, "moyuba" ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò wọn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ìbọ̀rìṣà ni. Rárá o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí à ń sọ pé, "Olúwa, a júbà Rẹ"? Ẹni tí à ń júbà fún ló yàtọ̀. Ìbà àgbà kò ju pé kí a gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí a bá níbẹ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un.

Láti ọdún 1912 tí rélùwéè Èkó ti já dé Kánò ni àwọn èèyàn wa ti ń rọ́ wá síbí wá ṣòwò. Nígbà tí à ń wá ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí, àwọn ọ̀dọ́ wa kan lọ bá máí-ungúwà. Wọn kò bọ́ bàtà, wọn kò lóṣòó, owó ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Bàbá náà ní òun kò ní ilẹ̀ tí òun ń tà. Lọ́sẹ̀ kejì, àwa àgbà mẹ́rin lọ. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a lóṣòó, a ní "Ranka ya dade", a béèrè ilé àti ọmọ. A kò tíì dárúkọ ilẹ̀ tí ó fi ní kí a padà wá lọ́jọ́ Sátidé láti wò ó. Ilẹ̀ kan náà ni, owó kan náà ni.

Àwọn ọmọ náà kọ́ ló jẹ̀bi. Àwa ni a kò kọ́ wọn. Ọjà ni à ń jí lọ, alẹ́ ni à ń wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ gbọ̀ngàn yìí, kí wọ́n lè ríbi kọ́ èdè àti ìwà.

Ṣùgbọ́n ìbà ẹnu lásán kì í kọ́lé. Ẹni tó bá dìde lónìí tó ní òun yóò dá iye báyìí, kó má ṣe é lójú ayé. Àwọn àgbà tó júbà fún ń gbọ́. Kí ìlérí wa ṣẹ, kí ìbà wa ṣẹ.