Kí Ló Ń Lé Àwọn Ọmọ Wa Jìnnà sí Ẹ̀sìn?

Ọ̀rọ̀ àkànṣe níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Kétu

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí Ọlọ́run ti pè, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tó kù, a ó tún ṣe ogún ọdún ní ìṣojú ẹ̀mí wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ alákòóso ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ìṣọ̀kan ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Bí a bá ti ṣe ìpàdé oṣù tán, tí a ti gba àdúrà ti Kristẹni, tí a ti gba ti Mùsùlùmí, tí oúnjẹ dé, ẹ ó gbọ́ tí ìyá kan yóò bi èkejì rẹ̀ pé: "Ọmọ tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Èkejì á mirí, á ní: "Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀." Alhaji tó jókòó nítòsí á ti gbọ́, òun náà á sì dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tòun náà ni. Ọ̀rọ̀ tí a fi sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbé wá síwájú yín lónìí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí n ti ilé ara mi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin mi kejì, láti kékeré ló ti ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin. Ó jáde yunifásítì, ó sin ìjọba, ó dé, kò ríṣẹ́. Kò torí ìyẹn fi ìlù sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí àwọn méjèèjì jọ dàgbà ní àdúgbò, ṣàìsàn kíndìnrín. Gbogbo ìjọ gbàdúrà. Àwọn ọ̀dọ́ gbààwẹ̀. Ọmọ mi kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹnìkan dìde níwájú ìjọ, ó ní ká ní ìgbàgbọ́ ọmọ náà pé ni, kò ní kú.

Ọmọ mi délé, ó ní: "Dádì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ èsì rẹ̀. Dípò kí n sọ pé mi ò mọ̀, ńṣe ni mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní: "Ta ni ọ́ tí o fi ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè?" Kò fèsì. Lẹ́yìn bí oṣù kan, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ní: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Mi ò lọ mọ́." Mo wá sọ ohun tí kò yẹ kí bàbá sọ. Mo ní ẹni tí kò bá sin Ọlọ́run mi kò ní sùn nínú ilé mi. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ kan gbé ní Ìkòròdú. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n bó bá bu oúnjẹ tán, á gbàgbé, á tún bu ti ọmọ náà sí i.

Èmi ni mo padà lọ bá a. Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó síta. Mo bi í pé: "Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Dádì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ máa bi mí." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára títí di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí, tí mo ń gbọ́ tẹnu wọn. Ohun tí mo gbọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni ìbéèrè tí a kò dáhùn. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní ilé kéú, òun béèrè ìdí ohun kan, ẹgba ni wọ́n fi dá òun lóhùn. Ó ní òun kò bínú sí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òun kò tún béèrè ohunkóhun mọ́, nígbà tó sì ṣe, òun kò kírun mọ́. Ìbéèrè tí àwa kò bá dáhùn lónìí, fóònù á dáhùn rẹ̀ lóru. Fóònù kì í jágbe mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn wọn bí a ṣe fẹ́ràn wọn.

Èkejì ni ìwà wa. Gbogbo wa la mọ ọjà Mile 12. Ẹ mọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí wọ́n to èyí tó pupa dáadáa sókè, tí èyí tó ti rà wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lọ ra lọ́jà kò mọ̀, àfi tó bá délé. Àwọn ọmọ wa ní tiwọn, inú ilé ni wọ́n wà pẹ̀lú wa, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń rí wa níwájú ìjọ àti ní sàfù àkọ́kọ́, wọ́n sì ń rí bí a ṣe ń ṣe sí ọmọ ọ̀dọ̀, bí a ṣe ń dá owó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì dúró. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń rọra kúrò ni.

Ẹ̀kẹta ni ìlérí. A sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbàdúrà, tí wọ́n san ìdámẹ́wàá, tí wọ́n fi sàráà sílẹ̀, iṣẹ́ á dé, físà á dé. Ọ̀pọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ kò dé. Bí a bá sọ ẹ̀sìn di ẹ̀rọ tó ń san owó, ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá ti san, ẹ má bá wọn wí pé wọ́n yípadà kúrò nídìí rẹ̀. Àwa la kọ́ wọn pé torí owó ni a fi ń dúró níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àárẹ̀. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti lọ tò fún bọ́ọ̀sì ní Mile 12, tó ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó padà délé ní aago mẹ́wàá alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ní láti sùn àti láti fọṣọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má kúrò nínú ìgbàgbọ́ rárá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má pè é ní kèfèrí.

Àwọn kan nínú wọn ti kọjá sí òkè òkun. Níbẹ̀, kò sí aládùúgbò tó máa béèrè wọn bí wọn kò bá lọ jọ́sìn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní Ẹ́ńgílàǹdì àti Wélíìsì, nǹkan bí ènìyàn 37 nínú 100 ló ní àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan, àwọn tó sì pe ara wọn ní Kristẹni kò tó ìdajì. Ẹ sì rántí pé láti Ẹ́ńgílàǹdì yẹn ni Henry Townsend ti wá sí Abẹ́òkúta ní 1843 láti wá wàásù fún wa.

Bí mo ṣe dárúkọ Townsend yìí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: àwọn wo ló gbọ́ ìwàásù nígbà náà? Ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Bàbá wọn ń bọ Ògún, ìyá wọn ń bọ Ọ̀ṣun, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn tó gba Ìsìláàmù. Ó dájú pé àwọn bàbá wọn náà jágbe. Àwa tí a ń sunkún lónìí pé ọmọ wa kúrò, ọmọ àwọn tó kúrò ni àwa fúnra wa.

Ohun kan wà tí ìtàn fi hàn wá. Àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà dúró níbi tí wọ́n kàn ti ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fún wọn níṣẹ́ tí wọ́n sì gbọ́ ohùn wọn ni wọ́n ń dúró sí. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri, ìwọ̀nba ènìyàn nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ olùkọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami náà sì wà níbẹ̀. Ara ibẹ̀ ni ìṣísẹ̀ Aládùúrà ti rú jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú títì ló ń wà, nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928.

Ẹ wo ti àwọn Mùsùlùmí náà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ìjọ Kristẹni ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé, ọmọ Mùsùlùmí tó bá lọ kàwé lè padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí l'Ékòó dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀. Àní, "Ọ̀dọ́" wà lára orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Wọn kò fi ọmọ ṣépè. Ilé ìwé ni wọ́n kọ́. Ní 1973 ẹ̀wẹ̀, ní Yunifásítì Èkó tí kò jìnnà sí wa níbí, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ìjọ Deeper Life ló dà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Àwọn kan kò padà. Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, kọ orin ìjọ tí wọ́n gbà sínú àwo. Bàbá Fẹlá náà, àlùfáà ni. Fẹlá kò tẹ̀lé ọ̀nà wọn. Tai Solarin kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀ òun ló dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó sì kọ́ ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò gbàdúrà mọ́ kò di olè nípa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa.

Kí ni ká wá ṣe? Àkọ́kọ́, bí ọmọ bá béèrè ohun tí a kò mọ̀, ká sọ pé a kò mọ̀. Kò dín ọlá bàbá kù. Èkejì, ká má lé ọmọ kúrò nílé torí ẹ̀sìn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni èmi fi ti tèmi síta, mo sì jẹ èrè rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olórí ìjọ àti mọ́sálásí tó wà níbí, ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣírò owó, kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó ń to àga nìkan.

Ẹ̀kẹrin, mo dábàá fún ẹgbẹ́ wa pé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí á mú àwọn ọmọ wa wá sí ìpàdé. Fún wákàtí kan àkọ́kọ́, kí àgbà kankan má wàásù. Kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí àwa gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà iṣẹ́ láàárín wa, kó mú un wá síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mi ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rárá o, kò tíì padà. Ṣùgbọ́n ó ti padà sílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ìsìn dé, á bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n wàásù lónìí?" N ó sọ fún un. Nígbà mìíràn, á ní òun kò gbà. A ó jọ jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán á fi délẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé ilẹ̀kùn tí mo bá tì mọ́ ọn, òun nìkan kọ́ ló ń tì mọ́. Ó ń ti èmi náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o. Ọmọ wa kò ní sọ nù mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún kẹwàá yìí á yabo fún gbogbo wa.