Kí Wọ́n Tó Ṣí Omi: Òfin Odò Tó Ń Ré Ààlà Kọjá

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo bá wá, mo sì mọ̀ pé òfin máa ń kun àwọn mìíràn lóorun. Ṣùgbọ́n òfin omi ni, omi kì í sì í dúró de ẹni tó ń sùn.

Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni Odò Ọya ti ṣẹ̀. Òkun kò jìnnà sí ibẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gba Málì lọ dé etí aṣálẹ̀, ó yí padà gba orílẹ̀-èdè Niger, ó fara kan ilẹ̀ Benin kó tó wọ Nàìjíríà. Ìrìn nǹkan bíi 4,180 kìlómítà ni. Ní Lọ́kọ́ja ni Odò Bẹ́núé, tó ti Kamẹrúùnù wá, ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló jọ wà nínú àjọ tó ń bójú tó odò yìí. Àwa la wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun yòówù tí wọ́n bá ṣe lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ òfin sílẹ̀ fún Odò Ọya kò gbé etí rẹ̀ rí. Ní Berlin, ní oṣù kejì ọdún 1885, ni àwọn ìjọba òyìnbó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè máa ná odò náà fàlàlà. Ọjà ni wọ́n ń rò; apẹja àti àgbẹ̀ kò sí nínú ìrònú wọn. Ìgbà tí a gba òmìnira, àwọn orílẹ̀-èdè tó ni odò pàdé ní Niamey ní 1963, wọ́n fagi lé ìwé Berlin náà, wọ́n sì dá àdéhùn tiwọn. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ló di Niger Basin Authority ní 1980.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín: ẹni tó wà lókè odò, ṣé ó lè fi omi ṣe ohun tó bá wù ú? Ní 1895, àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò figbe ta pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fa Rio Grande gbẹ. Judson Harmon, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà, dáhùn pé kò sí òfin tó lè sọ fún orílẹ̀-èdè òun ohun tí yóò ṣe lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ó gbọ́ òwe wa, pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó di 1906, ó bá Mẹ́síkò ṣe àdéhùn pé òun yóò máa fún un lómi lọ́dọọdún.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti adágún Lanoux. Ilẹ̀ Faransé ni adágún náà wà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Sípéènì. Faransé fẹ́ darí omi náà gba ibòmíràn láti fi ṣe iná mànàmáná, kó sì dá iye kan náà padà sínú odò kó tó kan ààlà. Sípéènì ní bí òun kò bá gbà, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní 1957, àwọn onídàájọ́ sọ pé Sípéènì kò ní agbára láti dí Faransé lọ́wọ́. Àmọ́ Faransé gbọ́dọ̀ fi tó o létí, kó bá a jíròrò tinútinú, kó sì gba tirẹ̀ rò. Nínú gbólóhùn méjì yìí ni gbogbo òfin náà wà lójú tèmi. Ẹni ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá ẹni òkè, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ èyí di ìwé ní 1997. Orílẹ̀-èdè 103 dìbò fún un. Burundi, Ṣáínà àti Tọ́kì kọ̀ ọ́. Ọdún 2014 ló tó di òfin tó ń ṣiṣẹ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó tẹ́wọ́ gbà á. Ìwé náà ní kí a lo omi lọ́nà tó tọ́ sí gbogbo ẹni tó jọ ni ín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe aládùúgbò ní jàǹbá ńlá, kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó lè pa ẹlòmíràn lára sì kọ̀wé sí i, kó fún un ní oṣù mẹ́fà láti dáhùn. Bí ewu bá dé lójijì, ojú ẹsẹ̀ ni kó kéde.

Ẹ wá wo dáàmù Lagdo. Kamẹrúùnù parí rẹ̀ lórí Bẹ́núé ní 1982, nítòsí Garoua. Nàìjíríà gbèrò láti kọ́ dáàmù tiwa sí Dasin Hausa ní Adamawa, kó lè gba omi tí wọ́n bá ṣí ní Lagdo dúró. Títí di òní, ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì ni. Nínú omíyalé ọdún 2012, ènìyàn 363 ló kú, àwọn tó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 2022, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ẹ̀mí tó lọ. Gbogbo wa nàka sí Kamẹrúùnù. Mínísítà ọ̀rọ̀ omi nígbà náà, Suleiman Adamu, ló wá sọ fún wa pé òjò tó rọ̀ sí ilẹ̀ wa gan-an ló pọ̀ jù nínú omi náà. Inú ń bí àwọn kan sí i, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi kò tìtorí ìyẹn dá Lagdo láre o. Ohun tí mo ń sọ ni pé lẹ́tà ìkéde tí Kamẹrúùnù bá kọ sí Àbújá kò tíì dé etí ìyá tó ń gbin ìrẹsì létí odò ní Makurdi, òun gan-an sì ni òfin ń tìtorí rẹ̀ béèrè ìkéde.

Ó ku ti ilé. Òkè-Ògùn ni Odò Ògùn ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó wọ ọ̀sà ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù Ọ̀yán, tó wà lórí odò tó ń ṣàn wọ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983; òfin 1993 àti ìwé òfin 1999 sì fi omi tó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ìkáwọ́ Àbújá. Bí wọ́n bá ṣí omi níbẹ̀, àwọn ará Ìṣẹ́rí ló ń kó ẹrù sórí àjà. Odò Ọ̀ṣun náà ti Ìgèdè-Èkìtì wá, ó ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí; ẹrẹ̀ àwọn awakùsà wúrà ní Ìjẹ̀ṣà kò dúró ní Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí àbádòfin omi délé aṣòfin ní 2020, ta ló ni odò nìkan la ń jà lé lórí. Ta ló gbọ́dọ̀ sọ fún ta, a kò yà á sọ́tọ̀ jíròrò.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn gómìnà àti aṣòfin Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó: ẹ má dúró de Àbújá. Ẹ jọ buwọ́ lu ìwé kan pẹ̀lú àwọn tó ń ṣàkóso dáàmù, pé kí wọ́n máa kéde ọjọ́ àti iye omi tí wọ́n fẹ́ ṣí lórí rédíò, ní èdè tí ará ìsàlẹ̀ ń gbọ́, kí ẹni tó bá kọ̀ sì san owó ìtanràn fún àwọn tí omi bá ya ilé wọn.