Ìwé Ìtàn Tí Ọmọdé Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

 

Àwọn kan láàárín yín bi mí pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin fẹ́ kọ, nígbà tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B. Ìbéèrè gidi ni. Ẹnu ọmọ ti mọ ìtàn kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ya àwòrán. Tó bá yà á tán, ẹ jókòó tì í, ẹ ní, "Sọ ọ́ fún mi," kí ẹ sì kọ ohun tó sọ sábẹ́ àwòrán náà. Ẹ má tún un ṣe. Bó bá ní Ọ̀ṣun wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà São Joaquim, bọ́ọ̀sì náà ni kí ẹ kọ. Ẹ kà á padà fún un, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ láti inú ìwé. Ẹ ká tákàdá mélòó kan sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an láàárín, ìwé dé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, kí òun náà kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Emilia Ferreiro, ọmọ Ajẹntínà, àti Ana Teberosky fi hàn nínú ìwé wọn ní 1979 pé ó ní ìgbà kan tí ọmọdé máa ń fi lẹ́tà kan ṣojú fún sílébù kan. Ọmọ tó fẹ́ kọ "omi" lè kọ OI. (Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń kí òun lédè Potogí ni!) Ẹ má pa á rẹ́. Ọmọ náà ti ń gbọ́ ìró.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti pẹ́ńsù aláwọ̀ pínǹkì tí wọ́n ń pè ní "àwọ̀ ara" ní Bràsíìlì níbí. Ara ta ni? Ọmọ dúdú á fi kun ojú ìyá rẹ̀, á tún fi kun ojú Yemọja. Ẹ má bá a wí o. Ẹ gbé dígí fún un, kí ẹ sì tú oríṣiríṣi àwọ̀ síwájú rẹ̀: àwọ̀ kọfí, àwọ̀ amọ̀, àwọ̀ oyin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣa èyí tó jọ ọ́.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ọmọ lè ya awo síta. Ohun tí ọmọ rí ní gbangba ló ń yà. Ohun tí kò yẹ kó rí, a kò fi hàn án. Ní ti pé ẹnu ni a fi ń tọ́jú ìtàn wa, Mestre Didi tẹ Contos Negros da Bahia jáde ní 1961, síbẹ̀ ẹnu wa kò dákẹ́.

Òfin 10.639 ti 2003 ní kí a kọ́ ọmọ ní ìtàn Áfíríkà àti ti àwa ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ló dárúkọ. Kò dárúkọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ọmọ wa á ti fi pínǹkì kun ara wọn fún ọdún méjì, mẹ́ta, kí òfin tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí náà, mo ń wá ẹni tó lè jókòó ti ọmọ kan fún wákàtí kan ní òwúrọ̀ Sátidé, tó mọ̀wé kọ, tí kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ẹni tó bá ní dígí kékeré nílé, kó mú un wá.