Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọlójú Fẹ̀ Kí Ẹ Tó Wọn Ojú Ọmọ

(Àsọyé tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ oníròyìn sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ketu)

Mo rí àwọn tó ti Ìkòròdú wá, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 kò dá padà. Ẹ kú ìfẹ́.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ojú tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Mi ò kì í ṣe dókítà o. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní poli, ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìlera, mo sì ti jókòó sí yàrá àyẹ̀wò ojú lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo ń da àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàmú.

Ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní kí á yọ oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀ kúrò nínú ètò náà. Wọ́n ní ó ń jẹ àkókò, pé àwọn òbí á pariwo, pé ọmọ kò ní lè kàwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kí á kàn gbé ẹ̀rọ wá, kí ọmọ yọjú wo inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tẹ nọ́ńbà jáde, kí á fún ọmọ ní awò ojú. Ọgọ́rùn-ún ọmọ láàárín wákàtí mẹ́ta! Fọ́tò á dùn ún wò. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kámẹ́rà àtijọ́ tí wọ́n fi ń yà wá lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn, ohun méjì ni ọ̀gá fọ́tò máa ń yí lára rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé: ó lè fẹ̀, ó lè há. Èkejì ni òrùka tó ń mú kí àwòrán dá ṣáká, bí ẹni tí wọ́n ń yà bá wà nítòsí tàbí lókèèrè. Ojú èèyàn ní méjèèjì. Ọmọlójú, ibi dúdú róbótó tó wà láàárín ẹyinjú, ni ihò ìmọ́lẹ̀. Òrùka wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fara sin: lẹ́ńsì kan tó rọ̀, àti iṣan tó yí i ká. Tí a bá fẹ́ kàwé, iṣan yìí á fún ara rẹ̀, lẹ́ńsì á wú, ohun tó wà nítòsí á sì hàn kedere. Tí a bá wo òkèèrè, iṣan á dẹ̀.

Lára ọmọdé, iṣan yìí ń ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tuntun. Tó bá ti tó ogójì ọdún, lẹ́ńsì ti ń le, kò gbọ́ràn sí iṣan lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń na ìwé ètò òní jìnnà sójú bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, mo ń rí yín o.

Agbára ọmọdé yẹn gan-an ló ń tan ẹ̀rọ jẹ. Ọmọ wà tó jẹ́ pé awò plus ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí pé iṣan inú ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láti fi bo àléébù náà mọ́lẹ̀. Á ka ohun tó wà lójú pátákó dáadáa. Àmọ́ orí á máa fọ́ ọ, á kórìíra ìwé, ojú ẹlòmíì á tilẹ̀ máa yí sápá imú. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ̀rọ láìkán oògùn sí i lójú: bó ṣe ń wo àwòrán inú ẹ̀rọ ni iṣan á tún máa fún. Ẹ̀rọ lè pe plus náà ní kékeré ju bó ṣe jẹ́ lọ, ó tilẹ̀ lè pè é ní minus.

Mo rí èyí nínú ẹbí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Ìkòsí níbí. Ṣọ́ọ̀bù awò kan tí mi ò ní dárúkọ fún un ní awò minus láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún oṣù mẹ́rin gbáko ni ọmọ ń sọ pé òyì ń kọ́ òun, pé orí ń fọ́ òun. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé ó fẹ́ sọ awò olówó iyebíye nù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, optometrist kán oògùn sí i lójú, ó ní kí wọ́n jókòó, ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó tún wọ̀n ọ́n. Plus ni! Ìyá ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn wá bi í léèrè pé, "Mummy, ṣé mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ mọ́?"

Oògùn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Tropicamide ni èyí tó yá jù: láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ọmọlójú ti fẹ̀, ipá rẹ̀ á sì lọ láàárín wákàtí mélòó kan. Ó dára fún wíwo ẹ̀yìn ojú àgbàlagbà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ fún iṣan ọmọdé. Cyclopentolate ni wọ́n sábà máa ń lò fún ọmọ, nítorí ó ń mú iṣan yẹn dẹ̀ dáadáa. Títí di ọjọ́ kejì ni ìwé lè máa ṣú bàìbàì lójú ọmọ. Homatropine ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atropine ni bàbá gbogbo wọn: ẹ̀kán kan rẹ̀ lè mú ọmọlójú fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Phenylephrine tún wà, èyí tó ń mú ọmọlójú fẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kan iṣan lẹ́ńsì rárá. Èyí tó le nínú rẹ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Ẹyinjú wa dúdú, àwọ̀ dúdú yẹn sì máa ń di oògùn mú. Ó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ lójú wa ju lójú òyìnbó lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó kúrò. Nítorí náà, ẹni tó bá kán an, tó sì wọn ojú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kàn fi oògùn ṣòfò ni. Òótọ́ ni àwọn tó ní ó ń jẹ àkókò sọ. Àkókò yẹn náà ni iṣẹ́.

Kí n yà díẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa, ẹ fojú fò mí. Ara ewé kan tó ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù, belladonna, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí atropine yọ, ní nǹkan bí ọdún 1831. Ewéko wa kan jẹ́ ẹbí rẹ̀: gẹgẹmu, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń rẹ sómi mu láti fi yó. Ẹnu wọn á gbẹ, ọmọlójú wọn á fẹ̀ bàǹtà, wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Májèlé kan náà ni, àfi pé ti ilé-ìwòsàn ní òṣùwọ̀n.

Èyí tó sì wú mi lórí jù ni pé ìlú Calabar, ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ni òyìnbó ti rí èyí tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn níbẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹ̀wà tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere jẹ. Tó bá bì í, ó jàre. Tó bá kú, ó jẹ̀bi. Ẹ̀wà yìí dé Edinburgh. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀ ní 1855, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí rẹ̀. Thomas Fraser yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, ó rí i pé ó ń mú ọmọlójú há. Ní 1863, Douglas Argyll Robertson, dókítà ojú, fi í sí ojú ara rẹ̀, ó sì fi hàn pé ó lè ba iṣẹ́ atropine jẹ́. Láti inú rẹ̀ ni oògùn physostigmine ti wá, èyí tí Ludwig Laqueur fi tọ́jú glaucoma ní 1876. Ní 1935, Percy Julian, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìlo ẹ̀wà náà mọ́. Mi ò rántí pé ẹnì kan sọ èyí fún wa ní kíláàsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ta ló yẹ kó kán oògùn yìí? Òfin ọdún 1989 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ optometrist àti dispensing optician sílẹ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ méjèèjì sì yàtọ̀. Dispensing optician ló ń ṣe awò, tó ń tún un ṣe kó bá ojú mu. Optometrist ló ń yẹ ojú wò. Dókítà ojú ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kó tó kọ́ ti ojú. Ibi tí oògùn ti ọ̀kan parí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń jà sí i tipẹ́, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan: ní Amẹ́ríkà, 1971 ni ìpínlẹ̀ Rhode Island ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin gbà kí optometrist máa kán oògùn fún àyẹ̀wò. Mi ò dá sí ìjà wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oníkẹ́míìsì kọ́, ẹni tó ń ta fírémù lẹ́bàá ọ̀nà kọ́.

Nítorí oògùn náà ní agbára. Ó ń gba ihò kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú wọ imú, ibẹ̀ ló ń gbà dénú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí á fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá kán an. Tó bá pọ̀ jù, ara ọmọ á gbóná, ojú á pọ́n, ẹnu á gbẹ, àyà á máa lù kìkì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ọmọ tó ní wárápá, tàbí èyí tó ní Down syndrome, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó kán ohunkóhun.

Àwa àgbà ńkọ́? Lójú àwọn kan, ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde há. Tí ọmọlójú irú wọn bá fẹ̀, ọ̀nà náà lè dí pa: ojú á pọ́n, á máa ro wọ́n gan-an, wọ́n á máa bì, wọ́n á máa rí òṣùmàrè yí iná ká. Ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ilé. Kò wọ́pọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kán oògùn. Ẹ má torí ẹ̀ sá o. Nínú ìwádìí tó kárí Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, tí wọ́n yẹ ojú 13,591 èèyàn tó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò, bí ẹni 5 nínú 100 ló ní glaucoma, òun ló sì wà nídìí bí ìdá kan nínú mẹ́fà àwọn tí ojú wọn ti fọ́. Kì í dunni, kì í yúnni, ẹ̀yìn ojú ló ti ń jẹ èèyàn. Ọmọlójú tó fẹ̀ ni wọ́n fi ń rí ibẹ̀ dáadáa, òun náà ni wọ́n fi ń rí ohun tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe lójú. Ẹ̀gbọ́n tó ti lé ní ogójì, tí wọn ò tíì wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Tí ẹ bá lọ, ẹ má fi mọ́tò ara yín lọ. Ẹ wọ BRT, kí ẹnì kan sìn yín. Ẹ má ní ẹ fẹ́ sáré sọdá Ikorodu Road ní Ketu pẹ̀lú ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gún. Afárá wà lókè. Ìgò tó bá ṣẹ́kù, ẹ má kó o pamọ́ de ọjọ́ tí ata Mile 12 bá ta sí ẹnì kan lójú. Omi tó mọ́, tó pọ̀, ni ti ata. Mo tún ń gbọ́ pé àwọn òbí kan ti ń po atropine mọ́ omi nílé, torí wọ́n kà pé ní Singapore àti Hong Kong, atropine tí wọ́n là gan-an ń dín ìdàgbàsókè minus ọmọ kù. Òótọ́ ni ìwádìí yẹn, àmọ́ ilé oògùn ni wọ́n ti là á, kì í ṣe inú kíṣìnnì.

Àbá mi nìyí, alága. Kí gbogbo ọmọ kọ́kọ́ ka lẹ́tà ara ògiri, ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Olùkọ́ lè ṣe ìyẹn. Àwọn tí kò bá rí i kà, àwọn tí orí ń fọ́, àwọn tí ojú wọn ń yí, àwọn nìkan ni kí á kán oògùn fún, pẹ̀lú ìwé àṣẹ òbí. Bóyá wọn ò ní ju ogójì lọ. Kí ó jẹ́ ọjọ́ Friday, kí ojú wọn ti padà kó tó di Monday, kí ẹgbẹ́ sì ra face cap fún wọn nítorí oòrùn. Ọmọ tí wọn ò bá kán oògùn fún, kí á má fún un ní awò lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí fọ́tò dùn tó.

Ìwé àwọn òbí wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A nílò ẹni mẹ́fà tó máa jókòó ti àwọn ọmọ náà fún bí wákàtí kan tí oògùn á fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n má baà sáré ṣubú sínú gọ́tà. Ẹni tó bá lè wá, kó fi orúkọ sílẹ̀ kó tó lọ sídìí ìrẹsì.